Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Alákọ̀wé Fún Mi

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà, 2025

Gbèsè ná. Orí káńtà ara mi ni mo ti mú ìwé yìí, ẹgbẹ̀ta náírà ni mò ń tà á fún ọmọ ilé-ìwé. Mo kọ́kọ́ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sínú dúrọ́ọ̀, bí ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ojú tì mí. Mo fi ọgọ́rùn-ún kún un. Ó tán, o ò jẹ mí, mi ò jẹ ọ́. Ẹ káàbọ̀ — rárá, èmi ni mo rà ọ́. Káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa pàdé: Alákọ̀wé ti sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn.

Alákọ̀wé ni kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ẹ̀ jọ ń tẹ̀wé fún ará Lálúpọn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mò ń wá kiri bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ní báyìí mi ò wo ọwọ́ mọ́. Ìyá Àgbà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlòkù ni, ó máa ń wúkọ́ kó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ íńkì.

Lánàá mo lọ sí ìpàdé alájẹṣẹ́kù. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta gàrí ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo dé, ó ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀, ó ní ẹ̀rọ náà ló kọ nǹkan sójú, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ṣé òun lè ṣe ọ́pídéètì. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi nǹkan tuntun ránṣẹ́ sínú rẹ̀ láti òkè òkun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Mùjíbátù ní kó máa ṣe é. Ó ní, "Ìyá Tẹni, ohun tó fi ọ̀wọ̀ tọrọ, ṣé kí n lé e ni?"

Wákàtí mẹ́ta ló fi ṣe é. Ojú Alákọ̀wé wá ń dán bí ojú ọmọ ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Gbogbo nǹkan ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Kò sì dá Ìyá Àgbà mọ̀ mọ́. Mo ní kó tẹ̀wé, ó ní òun ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Ìdí tí àyà mi fi ń já: ìdánwò táàmù kẹta. Ilé-ìwé aládàáni márùn-ún ló kó ìbéèrè wọn fún mi. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Alákọ̀wé, ó ku kí Ìyá Àgbà gbé e jáde. Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù keje, ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ọ̀gá Ẹkúndayọ̀, alága àwọn onílé-ìwé, sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìbéèrè kò gbọdọ̀ dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, ti ilé-ìwé kan jáde síta kó tó dọjọ́. Torí náà, mi ò lè gbé e lọ tẹ̀ níbòmíràn. Iṣẹ́ yìí ni owó ilé-ìwé Tẹniọlá ọmọ mi, odidi rẹ̀. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, Roheem tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní Èrúnmú ni yóò gbà á, mo sì mọ Roheem. Ohun tó bá gbà kì í padà.

Ẹtì, 20 oṣù kẹfà

Sanmí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá láti Ìbàdàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún kó tó jókòó.

Dókítà Fọ́mátì ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Àìsàn yòówù tó bá ń ṣe ẹ̀rọ, oògùn kan ló ní: fọ́mátì, kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Tó bá jẹ́ pé ènìyàn ló ń wò, gbogbo ẹni tí orí bá ń fọ́ ni ì bá ti bẹ́ lórí. Mo bi í pé tó bá ṣe fọ́mátì tán, irú èwo ni yóò tún fi sí i. Ó ní tuntun tó wà níbẹ̀ yìí náà ni. Mo wò ó. Òun náà wo ilẹ̀.

Ó wá ní Ìyá Àgbà ló yẹ kí n lé lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè, kò dín. Mo ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì kò tó o.

Kó tó lọ, ó fi bí ogún ìṣẹ́jú tẹ nǹkan síbí, tẹ nǹkan sọ́hùn-ún, ó ní òun ń dán an wò. Kò tún nǹkan kan ṣe. Ó mu omi inú ọ̀rá méjì.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà

Mo pa á, mo tàn án. Mo tún pa á, mo tún tàn án. Kò tẹ̀.

Àìkú, 22 oṣù kẹfà

Lẹ́yìn ìsìn, mo dúró de Màmá Ìyanuolúwa, olórí àwọn aládùúrà ìjọ wa. Mo ti múra ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo tilẹ̀ ti rò ó pé tó bá bọ́ sí ọjọ́ tí mi ò ní í dáná, mo jèrè gáàsì. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bi mí pé kí ni ẹ̀rọ náà kọ sójú. Mo ní mi ò kà á tán, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gùn.

Wọ́n ní, "Títíladé, Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè, ṣùgbọ́n ìwọ ni ẹ̀rọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Lọ kà á."

Wọ́n sì gbàdúrà, kúkúrú, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ojú tì mí délé.

Ajé, 23 oṣù kẹfà

Mo kà á. Ìlà mọ́kànlá. Mo fi pẹ́ńsù kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ sílẹ̀, mo pe Tẹniọlá ní Ìlọrin níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ ń wí ni pé Ìyá Àgbà ti gbó ju ohun tí ètò tuntun yìí lè bá ṣe pọ̀ lọ. Mo ní kò gbó, ó dàgbà ni. Ó ní òun ò bá mi jà, kí á kúkú yọ ọ́pídéètì náà kúrò.

Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé yọ. Mo rò pé bí ilà ojú ni.

Ó ń sọ ibi tí n ó tẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. A dé ibi tí ẹ̀rọ to gbogbo ọ́pídéètì tó ti gbà sí. Mẹ́rìnlá. Kò sí orúkọ, nọ́ńbà lásán bíi ti ẹlẹ́wọ̀n. Mo mú èyí tó wà lókè pátápátá, mo ní kó yọ ọ́. Ó ń yí. Ó dé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún — wọ́n mú iná lọ.

Aago mẹ́rin ni iná tó dé. Alákọ̀wé kọ ọ́ sójú pé òun ń tú ohun tí òun ti ń tú padà sí bó ṣe wà kí òun tó tú u. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mùjíbátù. Ó ní bí Alájì òun ṣe máa ń tọrọ àforíjì nìyẹn, ohun tó ń bẹ̀ fún gan-an ló tún ń ṣe lọ́wọ́.

Mo tún gbìyànjú. Mo yọ méjì. Ẹ̀kẹta ní òun ò ṣeé yọ, kò sì sọ ìdí. Ìyá Àgbà ṣì dákẹ́. Káàdì fóònù: ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Tẹniọlá ní kí n pe òun lórí dátà. Ta ni yóò ra dátà?

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Tẹniọlá ló pe èmi lónìí, ó ti bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó gbọ́n nípa ẹ̀rọ. Ó ní ìdọ̀tí ara aṣọ ni mò ń fọ̀ látàná, nígbà tí aṣọ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Èyí tí Mùjíbátù gbà wọlé kì í ṣe ọ́pídéètì kékeré. Odidi ètò tuntun ni. Ti ìyẹn kò sí lára àwọn mẹ́rìnlá, ó ní bọ́tìnnì tirẹ̀ níbòmíràn, wọ́n kọ "Padà sẹ́yìn" sí i. Alákọ̀wé àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbì kan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, wọ́n á dà á nù, bọ́tìnnì náà á sì kú.

Mo kà á lórí ìka. Ọjọ́rú, ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀, èjì. Ẹtì, ẹ̀ta. Títí tó fi kan Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀wá. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẸTÌ gàdàgbà sára ògiri. Kò síná lónìí. Mùjíbátù bi mí bóyá Jímọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí.

Ọjọ́rú, 25 oṣù kẹfà

Iná dé. Mo rí bọ́tìnnì náà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Àkọ́kọ́, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ padà. Ó to ìdí márùn-ún sílẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan — àfi bí ẹbí ọkọ nígbà tí ìyàwó bá ń kẹ́rù. Mo mú "ẹ̀rọ mi kò ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn". Ó ní ó dun òun. Ó ní ṣé mi ò kúkú ní í gba ọ́pídéètì mìíràn, bóyá ìyẹn á tún un ṣe. Mo ní rárá. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló tó kọ ọ́ sójú pé òun ò lè padà, nítorí pé ẹni tuntun kan ti wọ inú ilé lẹ́yìn tí ètò tuntun dé, kí n kọ́kọ́ mú un jáde.

Sanmí! Nígbà tó ń tẹ nǹkan síbí, tẹ nǹkan sọ́hùn-ún yẹn, ó ti ṣí yàrá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní àkáǹtì, fún ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ mi, ó kọ orúkọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ.

Mo ń ròyìn fún Tẹniọlá lórí fóònù pé ọkùnrin kan wà nínú ilé tí mi ò mọ bí n ó ṣe lé e jáde, pé Sanmí lorúkọ rẹ̀, pé láti Ẹtì ló ti wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé Bàbá Tẹni ti oko dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù ìgbá àti igi. Akíntáyọ̀ ọkọ mi kì í pariwo. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bọ́ fìlà.

"Láti Ẹtì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ó ti jẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àkókò tí mo fi rẹ́rìn-ín yẹn, iná tún lọ.

Mo pe Sanmí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni mo pè é.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹfà

Ọjọ́ kẹsàn-án. Mo wá nọ́ńbà ìyàwó Sanmí rí, ó gbé fóònù tirẹ̀. Ó ní Akínyẹlé lọ́kọ òun wà, ó ń fa wáyà sínú ilé tuntun kan.

Mi ò lè dá lé e jáde. Ẹni tó ṣí yàrá ló ní kọ́kọ́rọ́, ohun tí mo rò nìyẹn. Tí mo bá sì fi ipá tì í, ta ló mọ ohun tí yóò bà jẹ́ lọ? A kì í ti ẹrù ayálégbé síta láìjẹ́ kó gbọ́. Mo wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn, mo wọ òmíràn dé Mọníyà, mo gun ọ̀kadà. Òjò pa mí ní gbogbo ọ̀nà. Sanmí wà nínú àjà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, ẹsẹ̀ yẹn ni mo sì bá sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n má bínú, fóònù òun kú. Ó ní kí n wọ ibi tí wọ́n to orúkọ sí, kí n tẹ orúkọ òun, kí n ní kó kúrò. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ nilé ni, Mọ́mì?"

Ó tán. Gbólóhùn mẹ́ta. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé igba. Ẹgbèje náírà lórí gbólóhùn kan. Wòlíì kò gbowó tó bẹ́ẹ̀.

Mo dé Lálúpọn ní ìrọ̀lẹ́, iná wà fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ bi mí ṣé ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Sanmí jáde láìmú àpò dání.

Ó ku "Padà sẹ́yìn". Tẹniọlá ní kí n má tẹ̀ ẹ́ lórí iná ìjọba, nítorí tó bá kú láàárín ọ̀nà, mi ò ní tuntun, mi ò ní ti àtijọ́. Kí n lo jẹnẹrétọ̀. Ó tọ́. Lọ́la. Mo ra epo lítà mẹ́rin lẹ́bàá ọ̀nà, owó rẹ̀ fi àádọ́ta náírà dín sí ti ilé-epo lórí lítà kan.

Ẹtì, 27 oṣù kẹfà

Omi wà nínú epo náà.

Jẹnẹrétọ̀ ké lẹ́ẹ̀kan, ó súfèé, ó kú. Mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí di aago márùn-ún. Kò síná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ Mùjíbátù kò lè gbé ju gílóòbù mẹ́ta lọ, Alákọ̀wé kò tilẹ̀ kọ ibi ara sí i. Igba náírà ni mo jèrè lórí epo. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni mo fi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa rí i.

Ọjọ́ kẹwàá ti lọ.

Tí mo bá dákẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti ba ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Ẹkúndayọ̀. Mo ní mo dá iṣẹ́ ìdánwò padà. Mo ní owó àsansílẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ mi pé pérépéré, n ó kó ìbéèrè wọn fún wọn, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó bá lè ṣe é. Mi ò lè kọ orúkọ Roheem. Mo fi lẹ́tà náà fún Bàbá Tẹni, ilé Ọ̀gá wà lójú ọ̀nà oko rẹ̀. Mi ò sọ fún Tẹniọlá.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹfà

Bàbá Tẹni jáde ní aago mẹ́fà. Iná dé ní aago méje, ó dúró ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n ti bá wí. Jẹnẹrétọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́ wàyí. Ìgbà tí a kò nílò wọn mọ́, wọ́n pé.

Mo tan Alákọ̀wé kí n lè kó àwọn ìbéèrè jáde fún Ọ̀gá. Mo dé ibẹ̀, ojú mi lọ síbi bọ́tìnnì. Ó wà níbẹ̀. Kò kú. Mo nu ojú ẹ̀rọ nù pẹ̀lú etí ìró mi. Ó wà níbẹ̀.

Mo pe Tẹniọlá. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ ka Ọjọ́rú mọ́ ọn. Àwọn yẹn kì í ka ọjọ́ tí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀. Òní ni ó pé, ní bí aago mẹ́rin."

Kí ló dé tí wọn ò ní í kà á? Ṣé ọjọ́ yẹn ò mọ́ ni? Tí a bá ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún lónìí Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú la tún ń ná an, òní wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a ń sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rọbí ni ọjọ́ kìíní. Ṣé kí á sọ fún ìyá ọmọ pé ọjọ́ yẹn kò sí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n mi ò jiyàn. Ẹni tí wọ́n bu ọjà fún, tó ní ó pọ̀ jù, kò mọ ọjà á rà.

Mo so Alákọ̀wé mọ́ jẹnẹrétọ̀, epo ilé-epo ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí ní ìdí, mo sọ ìdí. Ó ní ó dun òun, mo ní kó má ṣèyọnu. Ó pa ojú rẹ̀, ó dúdú, ó ń yí. Wákàtí méjì. Mùjíbátù jókòó tì mí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ní kí wọ́n má tún rí nǹkan kan sọ sí òun. Oníbàárà méjì dé, a fi ojú lé wọn.

Ó tàn. Ojú àtijọ́. Gbogbo nǹkan ní àyè rẹ̀. Mo mú ìṣirò kíláàsì kẹrin, mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó gbé bébà jáde, ó gbóná, ó mọ́. Mùjíbátù gbà á, ó fi sí àyà. Kò mọ ìṣirò, ó ní ó dára.

Ìgbà náà ni mo rántí lẹ́tà.

Mo pe Bàbá Tẹni. Mo rán ọkùnrin yìí ní iyọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan rí, Ọjọ́rú ló tó rà á. Àpò rẹ̀ ni mo gbójú lé. Ó gbé fóònù nínú oko, mo bi í pẹ̀lẹ́ bóyá lẹ́tà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti jíṣẹ́. Mo tilẹ̀ dúró títí wọ́n fi kà á tán."

Àìkú, 29 oṣù kẹfà

Mo gba ìsìn jáde lọ sí ilé Ọ̀gá. Ó ti lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìbàdàn láti àná. Fóònù rẹ̀ kì í wà ní títàn lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní òfin ni.

Ajé, 30 oṣù kẹfà

Aago mẹ́sàn-án, mọ́tò Ọ̀gá Ẹkúndayọ̀ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kì í rìn láìní bírò mẹ́ta lápò. Ó kí mi dáadáa, ó kí Mùjíbátù, ó béèrè Tẹniọlá. Ó wá ṣí fáìlì, ó na ìwé kan sí mi. Ìkọ̀wé ara mi.

"Ìyá Tẹniọlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀dà márùn-ún."

Ohùn kan náà tó fi máa ń béèrè ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ó ní n kò ní àlàyé láti ṣe fún òun, òun nìkan kọ́ ni ẹgbẹ́. Lẹ́tà tó bá dé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ onílé-ìwé márààrún kí ìpàdé tó jíròrò lé e lórí. Ṣọ́ọ̀bù mi ni ẹgbẹ́ sì ti fọwọ́ sí pé kí ìwé wọn ti máa jáde títí táàmù yóò fi parí. Òun kò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Roheem, ìyẹn á lòdì sí òfin. Lọ́la Ìṣẹ́gun ni ìpàdé.

Mo mú un wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ ojú ewé kan níwájú rẹ̀. Ó gbé e sókè síná, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rọra mi orí. Ó ní ó dára púpọ̀. Ó ní inú òun dùn. Ó na ọwọ́ fún ẹ̀dà márùn-ún rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ ti padà sọ́dọ̀ mi nìyẹn, sà?"

"Lẹ́tà ti wọlé, mà. Lẹ́tà ló lè mú un jáde."

Mo ní kó jókòó, kó fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo jókòó sí Alákọ̀wé, mo tẹ lẹ́tà kejì: èmi, Títíladé, mo yọ lẹ́tà mi ti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n kúrò, ẹ̀rọ mi ti padà sí ipò rẹ̀, ìwé ìdánwò yóò pé lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Ọ̀gá kà á, ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé. Mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀dà márùn-ún ti àkọ́kọ́, ẹ̀dà márùn-ún ti èkejì. Àádọ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó san án kí n tó dárúkọ rẹ̀, mo gbà á. Ó yẹ kí á sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gba owó lórí lẹ́tà tí mo fi lé ara mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó fẹ́ máa kó wọn lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n fi àpòòwé bò wọ́n, ọ̀fẹ́ ni. Mo mú àpòòwé márùn-ún. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi lẹ́tà méjèèjì sí i, mo sì fi odidi ìwé ìdánwò kan tì í, ti ilé-ìwé ẹni tó ni àpòòwé náà nìkan, kí ìbéèrè ẹnìkan má dé ọwọ́ ẹnìkejì. Mo ti tẹ orúkọ ilé-ìwé gàdàgbà sókè, mo fi ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo fi pín-ìn-nì dè é. Mo ti mọ àwọn onílé-ìwé. Ẹni tó bá ti rí orúkọ tirẹ̀ lórí bébà funfun, iṣẹ́ tó ti parí, kò ní í fẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ ní Èrúnmú.

Ọ̀gá gbé ọ̀kan wò lọ́wọ́. Ó ní èyí wúwo ju lẹ́tà lọ.

Mo ní, "Àfikún ló wà nínú rẹ̀, sà."

Ó ronú. Mo rí i tó ń wá ibi tí òfin ti ka àfikún léèwọ̀. Kò rí i. Ó yọ bírò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "pẹ̀lú àfikún" sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan, márààrún, ó sì wọ mọ́tò.

Páálí bébà mẹ́jọ tí mo rà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìdánwò wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mi ò tíì já okùn ìkankan. Ẹni tó tà á fún mi ní òun á gbà á padà tí okùn rẹ̀ bá wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta oṣù keje. Mùjíbátù ní kí n já a, kí n máa fi ìgbàgbọ́ tẹ̀wé lọ. Mo ní ìgbàgbọ́ tèmi kì í já okùn ọjà tó ṣeé dá padà.

Mo sì ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà kejì, kí Ọ̀gá tó buwọ́ lù ú pé ó dé ọwọ́ òun: Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù keje, ni mò ń retí èsì yín, kí aago méjì ọ̀sán tó lù.